Ẹ yé sọ fún àwọn ọmọ pé a kì í múra sílẹ̀ fún ìdánwò àwọn awabàálù

Mo tún gbọ́ ọ ní Kàbbà láìpẹ́ yìí, láti ẹnu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ń múra ìdánwò aptitude, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọpọlọ àti ọwọ́ èèyàn á lè wa bàálù, tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn nílé ẹ̀kọ́ àwọn awabàálù. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fi nǹkan yẹn sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe WAEC. Àbímọ́ ni. Bó bá wà lórí rẹ, wàá yege. Bí kò bá sí níbẹ̀, àdúrà ló kù." Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n inú bí mi.

Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ìyàrà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn. Àwa Òkun tí a ka ìwé sí báyìí, tí òbí ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, àwa náà la tún ń sọ fún ọmọ pé ìdánwò kan wà tí kò yẹ kó múra sílẹ̀ dè. Irọ́ ni. Ìdánwò yẹn ṣeé múra sílẹ̀ fún, ó sì hàn nínú èsì.

Ẹ má gba tèmi gbọ́ ná. Ẹ wo òfin àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà fúnra wọn. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní ìdánwò tí wọ́n fi ń yan awabàálù, ASTB ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni èèyàn lè ṣe é láyé rẹ̀. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó lè ṣe ìkejì. Lẹ́yìn ìkejì, ọjọ́ 90 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó ṣe ìkẹta. Kí ni wọ́n ń sá fún? Kò sẹ́ni tó ń ṣòfin lórí iye ìgbà tí wọ́n lè wọn gíga àgbàlagbà, torí gíga rẹ̀ kò ní yí padà. Bí ìdánwò yìí bá jẹ́ àbímọ́ lóòótọ́, wọn ì bá jẹ́ kéèyàn máa ṣe é títí tó fi máa sú u, èsì kan náà ni ì bá máa jáde. Wọ́n fi òfin dè é torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ti ṣe nǹkan rí á ṣe é dáadáa ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Àwọn ọmọ ogun òfurufú wọn tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀. Wọ́n ní máàkì kan tí wọ́n fi ń yan awabàálù, PCSM ni wọ́n ń pè é. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: èsì AFOQT, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ọ̀gá ológun òfurufú, èsì ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, àti iye wákàtí tí onítọ̀hún ti fi wa bàálù ṣáájú. Wákàtí tó ti fi kọ́ ọ wà nínú máàkì náà! Ní Jámánì ńkọ́? DLR, ilé iṣẹ́ ìwádìí òfurufú wọn, ti ń dán àwọn tó fẹ́ wa bàálù fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Lufthansa wò ní Hamburg fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan náà ló ń fún olùdíje ní ètò kọ̀ǹpútà tó máa fi dánra wò nílé kó tó wá. Ẹni tó gbé ìdánwò kalẹ̀ ní kó o lọ dánra wò, ẹni tí kò rí i rí ní kó o má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ta lẹ fẹ́ gbà gbọ́?

Àríyànjiyàn àbímọ́ yìí kò sì jẹ́ tuntun. Ní 1925, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ ìwé jáde pé ọpọlọ àwa aláwọ̀ dúdú kò tó nǹkan, pé a kò ní ìgboyà. Nígbà tó di 1941, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní wíwa bàálù ogun ní Tuskegee, ní Alabama. Títí di 1946, nǹkan bí 1,000 awabàálù ló ti ibẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jagun lójú òfurufú Yúróòpù. Ohun tí wọn ò ní tẹ́lẹ̀ ni ẹni tó máa kọ́ wọn.

Kí ló tiẹ̀ wà nínú ìdánwò yìí tó ń dẹ́rù bani? Ìṣirò orí wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe Further Maths. Bàálù tó ń sáré nọ́ọ̀tì 120, ìyẹn máìlì ojú omi 120 ní wákàtí kan, ń lọ máìlì ojú omi 2 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ku máìlì 30, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Bí awakọ̀ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10,000, á ka máìlì 3 fún ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Tó bá ku máìlì 30 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà gbéra ní Àbújá ń jẹ́ 04 láti apá kan, ó ń jẹ́ 22 láti apá kejì, torí ibi tí ojú ọ̀nà náà kọjú sí lórí kọ́ńpáàsì ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, wọ́n kàn yọ òdo tó kẹ́yìn kúrò: òdìkejì 040 ni 220. Kí ni òdìkejì 070? Fi 200 kún un, yọ 20 kúrò: 250. Ọmọ JSS 2 á mọ gbogbo èyí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó ń ká èèyàn mọ́ ni pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n máa fún un, ẹni tó ti ṣe é títí tó fi mọ́ ọn lára nìkan ni jìnnìjìnnì kì í bá.

Wọ́n á tún fi àwòrán aago kan hàn, irú èyí tó máa ń sọ fún awakọ̀ bí bàálù ṣe tẹ̀: sánmà aláwọ̀ búlúù lókè, àwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀, ìlà kan láàárín wọn. Wọ́n á ní kó o mú bàálù tó bá a mu. Bí ìlà náà bá ga lápá ọ̀tún, ọ̀tún ni bàálù tẹ̀ sí. Ẹni tí kò rí i rí á yára mú òsì. Ẹni tí wọ́n bá fi hàn lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mú mọ́. Níbo ni àbímọ́ wà nínú ìyẹn?

Ibi tó le jù ni ti ọ̀pá ìdarí. Wàá fi ọ̀pá náà mú àmì kékeré kan dúró ní àárín, wọ́n á sì máa ka nọ́ńbà sí ọ létí nínú héédífóònù, wàá máa dáhùn. Nígbà tí èmi náà ń múra ìdánwò yìí, tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, mo di í mú gan-in. Àmì náà yà sọ́tùn-ún, mo fà á sósì, ó kọjá àárín. Mo fà á padà, ó tún kọjá. Pádì gẹ́ẹ̀mù tòkunbọ̀ ni mo fi kọ́ ọ, lórí laptop ọ̀rẹ́ mi, lálẹ́, nígbà tí NEPA bá mú iná wá. Ohun tí ọwọ́ mi kọ́ ni pé orí ìka ni kí n fi dì í mú, kí n tì í díẹ̀, kí n sì ti dẹwọ́ kí àmì tó dé àárín. Ọjọ́ ìdánwò, ọwọ́ mi balẹ̀. Ẹni tí a jọ lọ mọ ìṣirò jù mí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ rí, torí wọ́n ti sọ fún un pé àbímọ́ ni. Wọn ò mú un. Títí dòní ló ń dùn mí.

Ẹ óò ní ọmọ lágbájá kò múra, ó sì yege. Ẹ lọ wò ó dáadáa, láti kékeré ló ti ń ta gẹ́ẹ̀mù. Mo gbà pé ojú àti ọwọ́ ẹlòmíràn yá láti ilé wá, ìdánrawò kò sì lè sọ gbogbo wa di ọgbọọgba. Ìyẹn ò ní kéèyàn káwọ́ gbera. Àwọn tó ń sọ ti àbímọ́ yìí náà ló ń sọ pé ẹni tó ń lo dígí ojú kò lè wa bàálù, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀: bí dígí bá ti gbé ojú dé ibi tí òfin ń fẹ́, ó parí. Ẹ má sì fowó ra ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ìwé kò lè kọ́ ọwọ́ yín.

Ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ awabàálù ti ìjọba tó ti wà ní Zaria láti 1964, tàbí tó ń lọ sí ti Ìlọrin tí kò jìnnà sí wa, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè irú ìdánwò tí wọ́n ń lò, kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ìdajì wákàtí lójúmọ́ sàn ju kó máa fi òru mọ́júmọ́ múra nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Ìṣirò orí ò sì nílò iná. Kí ẹnì kan nínú ilé máa bi í ní òdìkejì 130 bí wọ́n bá ń gúnyán lọ́wọ́, kó sì dáhùn 310 kí ọmọ odó tó tún balẹ̀.