Ẹyin tí pupa rẹ̀ ṣá kì í ṣe ayédèrú

Bí oníbàárà bá fọ́ ẹyin, tó rí i pé pupa rẹ̀ ti ṣá, á ní ẹyin náà kò lágbára, àbí ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí adìẹ jẹ ló ń hàn nínú pupa ẹyin.

Àgbàdo pupa àti ewé tútù ní aró kan nínú, lutein àti zeaxanthin. Adìẹ kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, àfi kó jẹ ẹ́. Àgbàdo funfun àti gbáàgúdá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Bí ọlọ́sìn adìẹ bá fi àgbàdo funfun rọ́pò pupa lónìí, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹyin á ti máa ṣá, tó bá sì fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ṣá tán. Ìdí ni pé nǹkan bí ọjọ́ 10 ni pupa ẹyin kan fi ń tóbi nínú adìẹ, tí ìpele ń gun ìpele. Purotéènì inú rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn dín kù. Fítámì A náà, inú premix, ìyẹn àdàlù fítámì tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ, ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Àwọn kan ń da epo pupa sí oúnjẹ adìẹ kí ẹyin lè pọ́n. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́: fítámì A ni adìẹ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú aró epo náà dà.

Lóòótọ́, lutein dára fún ojú. Ṣùgbọ́n ẹyin tó pọ́n bí ọsàn lè jẹ́ iṣẹ́ tàtàṣé gbígbẹ, tàbí ti canthaxanthin, aró kan tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí canthaxanthin ju mílígíráàmù 8 lọ nínú kílò oúnjẹ kan fún adìẹ tó ń yé ẹyin. Owó irú aró bẹ́ẹ̀, orí kíréètì ló ń bọ́ sí. Èyí tó dùn wá jù ni ọlọ́sìn tó lè fi gbáàgúdá gbígbẹ dín ìnáwó kù, kó fi sóyà dí purotéènì tí gbáàgúdá kò ní, àmọ́ tí kò dán an wò nítorí ẹnu oníbàárà.

Ìgbà tí àwọ̀ yẹ kó kọ ọlọ́sìn lóminú ni ìgbà tí ẹyin ṣá láìjẹ́ pé ó pààrọ̀ oúnjẹ. Kó yẹ ìgbẹ́ adìẹ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí aràn wà níbẹ̀, kó sì yẹ àgbàdo rẹ̀ wò: èyí tó ti pẹ́ jù nínú àpò, aró rẹ̀ ti ń lọ.

Ìwọ tó ń rà á, fọ́ ọ sórí àwo pẹrẹsẹ, kí o wo funfun rẹ̀. Bó bá ki, tó dúró yí pupa ká, tí pupa náà sì yọ gọngọ, ẹyin tuntun ni. Bó bá ń ṣàn bí omi, tí pupa rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti pẹ́ nílẹ̀, bó ti wù kó pọ́n tó.