Kọ èèwọ̀ kí o tó kọ agbára

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lónìí. Ọmọ tuntun kan wọ inú eré wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó kọ ẹ̀dá tó fẹ́ fi ṣeré ránṣẹ́. Ohun tó kọ nìyí: "Àdá kò ràn án. Ìbọn kò ràn án. Iná kò jó o. Ó lè fò. Ó lè pòórá. Bó bá wojú èèyàn, onítọ̀hún kú." Mo bi í pé, "Kí ni kò lè ṣe?" Ó ní, "Kò sí." Mo ní, "Ṣé o fẹ́ ká máa bá a jà ni, àbí ká máa bọ ọ́?"

Fún ẹni tí kò bá mọ irú eré tí mò ń sọ: kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan, à ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe ọdẹ, a sì ń pàdé iwin nínú igbó. Kálukú a kọ ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ fẹ́ ṣe, èmi tí mò ń darí eré a kọ ohun tí igbó fi dá a lóhùn. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1978 ni Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Bartle sì bá a mú un gbòòrò. MUD ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Àwọn ní kọ̀ǹpútà tó ń dájọ́ fún wọn. Ní tiwa, èmi ni kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń sùn.

Òfin wa àkọ́kọ́ kò gùn: kọ ohun tí o fẹ́ ṣe, má kọ ohun tó ṣe mí. "Mo ju ọ̀kọ̀ sí i láyà" dáa. "Mo ju ọ̀kọ̀, ó wọ̀ ọ́ láyà, o kú"? Ta ló fi ikú mi lé ẹ lọ́wọ́?

Àmọ́ òfin kejì ni mo lè torí ẹ̀ jà. Mi ò ní gba agbára kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò bá kọ èèwọ̀ rẹ̀ sókè kó tó kọ agbára náà sísàlẹ̀. Àwọn kan ní mo le jù. Wọ́n ní nínú eré àwọn òyìnbó, agbára máa ń tán ni, kò ní èèwọ̀. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú Dungeons & Dragons tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974, bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ ni pé oṣó tó bá ti pe ògèdè rẹ̀, ògèdè ọ̀hún á kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi sinmi kó tún kọ́ ọ. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n owó ọjà nìyẹn, o ná an, ó tán. Gbèsè ni èèwọ̀. Ò ń gbé e kiri lọ́jọ́ tí o kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà, nídìí oúnjẹ, lójú ọ̀nà, nínú oorun. Àwọn tó ń sọ ìtàn fún wa nígbà tá a wà ní kékeré mọ èyí dáadáa. Ṣé ẹ rántí jagunjagun kankan nínú àlọ́ tí àdá kò ràn, tí a kò gbọ́ ohun tó kó bá a?

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ kí n gbà pé eré ọ̀rọ̀ kíkọ gan-an ni ilé ọfọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ọfọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Gbégbé ló ní kí wọ́n gbé mi: orúkọ ewé ló ti pe iṣẹ́ tí ewé máa ṣe. Pierre Verger, ará Faransé tó fi Bahia ní Bùràsíìlì ṣe ilé, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí nígbà tó di babaláwo, kó irú ewé àti ọfọ̀ báyìí jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, òun náà sì tọ́ka sí bí orúkọ ewé ṣe ń bá ọ̀rọ̀ inú ọfọ̀ rẹ̀ mu. Ẹni tó ń ṣe eré tí wọ́n ń ya àwòrán sí á wá iná àti mànàmáná tí yóò fi bo ojú èèyàn. Àwa ò nílò ẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kọ èyí lálẹ́ ọjọ́ kan, ara mi bù máṣọ:

"A kì í fi àdá bẹ́ omi. Ẹni tó ṣá òjìji, ilẹ̀ ló ṣá. Òjìji ni mí lónìí."

Nínú ìjà, bó ṣe ń lọ nìyí. Ìgbà kìíní, o jẹ atare. Ìgbà kejì, o pe ọfọ̀. Bí wọ́n bá lù ọ́ láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ tú, atare ṣòfò. Egbé á gbé ọ kúrò lójú ogun lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa yan ibi tó máa sọ ọ́ sí. (Mo ti sọ ẹnì kan sáàárín ọjà rí, ìhòhò ló wà.) Kánàkò, oògùn tó ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Mo ti ṣàṣìṣe o. Nígbà kan, a lọ sórí Telegram nítorí dáìsì tó wà níbẹ̀, tó ń yí fúnra rẹ̀, tó ń mú 1 sí 6 jáde. Fún ọ̀kọ̀ jíjù, ó dáa. Fún ọfọ̀, èèyàn á kọ ìlà mẹ́jọ tó dùn, dáìsì á mú 1. Mo bá ní kí n máa fi adùn ọfọ̀ dájọ́. Kò pé oṣù kan tí gbogbo ìjà fi di ti ẹnì kan ṣoṣo, ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà. Àwọn tí wọ́n bí sílùú òyìnbó ò lè mú un rárá. Mo fagi lé e. Adùn kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́ àyàfi oríyìn.

Ẹ wá gbọ́ ti alẹ́ Jímọ̀. Ọ̀kan nínú wa, ará Ìlọrin, ní ọdẹ kan tó ní ayẹta àti òkígbẹ́: ìbọn kò ràn án, àdá kò ràn án. Èèwọ̀ rẹ̀: bí wọ́n bá fi oríkì pè é láti ẹ̀yìn lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ó rò pé èyí tó rọrùn jù ló mú, nítorí kò sọ oríkì rẹ̀ fún ẹnì kankan. Arábìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹ̀dá tí gbogbo wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: ẹlẹ́kọ. Kò ní oògùn. Agbára rẹ̀ kan ṣoṣo ni etí. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbé igbá ẹ̀kọ lọ sílé ìyá ọdẹ yìí nínú eré, ó ń ta ẹ̀kọ, ó ń jókòó, títí mo fi jẹ́ kí ìyá náà ki ọmọ rẹ̀ létí ẹlẹ́kọ.

Ọdẹ wà lójú ọ̀nà oko, oòrùn ti wọ̀, ó ti yọ àdá síta, ó ń pe àwọn olè mẹ́ta níjà. Ẹlẹ́kọ sọ igbá kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ ò ju èyí lọ:

"Àlàó o!"

Ó di "Ẹ̀n?" lójú gúrúùpù. Kí n tó ṣẹ́jú, ará Ìlọrin ti pa á rẹ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á. Ó ní òun lòun dáhùn, kì í ṣe ọdẹ, ó ti rẹ òun ni. Arábìnrin yẹn ní ta wá lòun pè? Èmi rí i kó tó pa á rẹ́, torí náà igbó ti gbọ́. Ayẹta tú. Ará Ìlọrin ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò gbé e.

Ọmọ tuntun náà ò sọ ohunkóhun ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ Sátidé ló tún ẹ̀dá rẹ̀ kọ ránṣẹ́. Agbára méjì ló kù. Lókè wọn ló kọ ọ́ sí: "Èèwọ̀: kò gbọdọ̀ jẹ ilá." Mo ní ta ló fẹ́ fi ilá jagun? Àfi bí ẹlẹ́kọ ṣe kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èló ni wọ́n ń ta ilá lọ́jà yẹn?"