Ta ló sọ pé agbe ni?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń múra àtiparí: ẹni tí ò bá lẹ́sẹ̀ gígùn, kó yáa jókòó sílé, ẹni tó bá sì kọ̀wé sí ẹni tí ò mọ̀ rí pé kó sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí fóun, agbe ló ń ṣe. Èmi náà gbà á gbọ́ fún odidi ọdún kan.

Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ gígùn ò sí o. Ó wà, ó sì ń dun ni. Àmọ́ pé ẹbí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan ló ń múni débi iṣẹ́, irọ́ ni. Lọ́dún 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ nítòsí Boston. Ó bi àwọn tí ẹnì kan ta lólobó pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí onítọ̀hún sí nígbà náà. Ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń rí i déédéé. Ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 kì í sábà rí i rárá. Ojúlùmọ̀ ló ṣe é! Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lòun náà gbọ́. Ojúlùmọ̀ yín ní agbo mìíràn tó ń jó.

Microbiology ni mo kà, lábù ilé iṣẹ́ oúnjẹ ni mo sì ń wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó ń ṣiṣẹ́ ní irú lábù bẹ́ẹ̀, tí mo tún ń pa á rẹ́: "Ẹ káàárọ̀ mà. Mi ò béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ lábù ṣe rí gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè pè yín fún ìṣẹ́jú 20, nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn?"

Ọjọ́ Sátidé ló pè mí, ariwo ẹ̀rọ ìlọta ń dún lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jà. Ó ní, "Ṣé o ti gbọ́ HACCP rí?" Mi ò gbọ́ ọ rí. Ìlànà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ewu ti lè wọ inú oúnjẹ, kí wọ́n sì dí ibẹ̀ pa, ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn fún mi nínú ẹbí wa. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, mo béèrè ẹni tí mo tún lè bá sọ̀rọ̀, ó sì fún mi ní orúkọ èèyàn méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni CV. Ẹ má fi ṣọwọ́ pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́. Tẹ́ni náà bá ti rí i, àyè iṣẹ́ ló máa rò; bí kò bá sì sí, ojú á tì í láti fèsì. Tẹ́ ẹ bá sì ti lo ìmọ̀ràn rẹ̀, ẹ padà lọ sọ fún un. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ HACCP tí mo pe mà yẹn, ó ní nínú gbogbo àwọn tóun ti dá lóhùn, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó padà wá jábọ̀.