Wákàtí Méjì Ò Lè La Ọtí àti Oògùn Níjà

Ní kẹ́mísì tí mo ti ń ta oògùn ní Mararaba lẹ́bàá Abuja, téèyàn bá kọjá Nyanya díẹ̀, kò sí Jímọ̀ kan tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè yìí. Dókítà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ apòògùn ni mí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró sẹ́yìn káńtà, dókítà ni. Wọn á gba oògùn, wọn á sanwó, wọn á dé ẹnu ọ̀nà, wọn á wá yíjú padà: "Dókítà, tí mo bá lo èyí, tí mo wá fún un ní wákàtí méjì, ṣé mo lè fi ìgò kan tẹ̀ lé e?"

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá wákàtí méjì yẹn sílẹ̀, àmọ́ Yorùbá, Hausa, Ìgbò, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Lójú wọn, oògùn dà bí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Secretariat: tí aago mẹ́rin bá ti lù, ó ti ṣíwọ́, ó ń wá ọkọ̀ lọ sílé. Oògùn kì í ṣíwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo diazepam, oògùn amárasinmi tó ń kunni lóorun, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium. Kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, ó lè gbà tó wákàtí 48. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà, tí òun náà ṣì ń kunni lóorun, lè gbà tó wákàtí 100 kí ìdajì tirẹ̀ tó lọ. Ẹni tó lò ó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó wá jókòó ti ẹja yíyan àti bíà ní gáádìn lálẹ́ Jímọ̀, oògùn àná ló bá ọtí òní pàdé. Àwọn méjèèjì ló ń mú ọpọlọ tòògbé, ọpọlọ yìí kan náà ló sì ń darí mímí. Bí tramadol, oògùn ìrora, ṣe ń mú ọpọlọ tòògbé náà nìyẹn. Bí codeine inú omi ikọ́ ṣe rí nìyẹn, èyí tí ìjọba fòfin dè ní 2018.

Ọtí pàápàá kì í tètè jáde. Ìgò bíà ńlá 60 cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, ní ògidì ọtí mílílítà 30 nínú. Ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í palẹ̀ ju bíi mílílítà 10 mọ́ ní wákàtí kan. Ìgò kan, bíi wákàtí 3. Ìgò mẹ́ta, bíi wákàtí 9. Omi tútù, mílíìkì, epo pupa, kò sí èyí tó lè mú un yára.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni ti alátọ̀gbẹ tó ń lo glibenclamide, ìyẹn Daonil. Iṣẹ́ oògùn yẹn ni kó mú súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Tí súgà bá wá fẹ́ lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló máa ń ṣe tuntun sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí ọtí wà níwájú rẹ̀, ọtí ló ń bá fà á. Súgà á máa wálẹ̀, olùgbàlà ò sí nílé. Ó lè jẹ́ ọ̀gànjọ́, ó lè jẹ́ ìdájí ọjọ́ kejì. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ahọ́n á wúwo, ẹsẹ̀ ò ní ranlẹ̀ mọ́. Kí lẹ rò pé àwọn tó wà níbẹ̀ máa sọ? "Ẹ jẹ́ kó sùn, ọtí ló ń pa á."

Bí wọ́n ṣe tẹ́ bàbá kan ládùúgbò wa sórí àga nìyẹn, tí wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló ní òun ti ń rí i tó ń yó láti ọjọ́ yìí wá, òun ò rí i kó làágùn báyìí rí. Mo mú ẹ̀rọ ayẹ̀súgàwò lọ: 38 mg/dL, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 70. Ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ìyẹn la fi rí súgà tí a pò mómi fún un. Ká ní ó ti dákú ni, ilé ìwòsàn tààrà. A kì í rọ nǹkan sẹ́nu ẹni tó dákú.

Àwọn tó ń ní "èmi ò mutí rárá" tún wà. Burukutu tí wọ́n fi ọkà bàbà pọn, oúnjẹ ni wọ́n pè é. Agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, oògùn ni wọ́n pè é (àwa Yorùbá la sì gbé ìyẹn dé gáréèjì Abuja, ẹ jẹ́ ká gbà). Ẹ̀jẹ̀ ò bèèrè orúkọ. Ẹni tó ti lo amlodipine tàbí lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá ju ife paraga méjì sọ́fun, tó bá dìde lójijì lóru, òòyì lè gbé e ṣubú.

Kí n má parọ́ o: kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń bá ọtí jà tó bẹ́ẹ̀. Ìgò bíà kan kì í sọ amoxicillin, oògùn apakòkòrò, di ẹfun lásán, bí wọ́n ṣe ń wí. Ohun tó burú ni kéèyàn torí òde ọjọ́ Sátidé fo oògùn. Mo mọ àwọn tí kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lópin ọ̀sẹ̀, kí ọtí lè ráyè. Ìyẹn tún léwu lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan mú ìwé dókítà wá: Flagyl, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ 5. Mo ní tó bá parí rẹ̀ ní Jímọ̀, kó tún fún un ní ọjọ́ 3 kó tó fẹnu kan ọtí, torí ó lè mú èébì àti ẹ̀fọ́rí wá, kí àyà sì máa lù kìkì. Ó fi ìka kà á títí.

"Dókítà, Sátidé ni ìkómọ ọmọ àbúrò mi. Èmi ni wọ́n ní kí n máa pín ọtí."

"Ẹ pín in, sà. Pípín kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ má ṣe."