Ẹ̀gbọ́n, ìwádìí yunifásítì ń gba ẹ̀mí là

Ẹ ní kò sí ìwádìí yunifásítì tó wúlò fún aláìsàn ní Èkìtì, pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo ẹ̀ ń parí sí. Ẹ̀gbọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ojú lásán ni agbẹ̀bí fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá ìkókó lẹ́yìn ìbímọ. Kí wọ́n tó fura, ó ti dà jù. Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn oníṣègùn, Nàìjíríà wà níbẹ̀, tẹ́ ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tó ní ìlà ìdíwọ̀n sábẹ́ obìnrin tó bímọ. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sínú rẹ̀, agbẹ̀bí á ka iye rẹ̀, ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn 80 ló kópa. Níbi tí wọ́n ti lò ó, ewu ẹ̀jẹ̀ dídà tó le fi nǹkan bí 60 nínú 100 dín kù. Lọ́dún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á wọlé.

Ẹ jẹ́ ká jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba: ṣé ọ̀rá yìí ti dé Ìlawẹ̀-Èkìtì?