Apá nìkan kọ́ ló ń sọ ọmọ di quarterback

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde lónìí. Àwa òbí tí ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, a ti gbé ọ̀rọ̀ agbára apá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọmọ ọdún 13 bá ti ju bọ́ọ̀lù tó fò kọjá 40 yáàdì báyìí, fóònù ti jáde nìyẹn, fídíò ti dé orí Instagram, wọ́n á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí ń lọ NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi eré yìí jẹun. Kò sẹ́ni tó ń ya fídíò ọmọ tó wo apá ọ̀tún, tó rí i pé wọ́n ti ká ẹni tó fẹ́ jù ú sí mọ́, tó yáa yíjú sápá òsì, tó sì fi bọ́ọ̀lù yáàdì 6 péré lé ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ quarterback gan-an nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tí ẹ ò mọ eré yìí: quarterback lẹni tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan. Àwọn géńdé ń sáré bọ̀ wá bì í lulẹ̀. Kó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí àyè ṣí sílẹ̀ fún, kó sì ti ju bọ́ọ̀lù sí i.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N ò sọ pé apá ò já mọ́ nǹkan kan. Pápá fúnra rẹ̀ á já ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ nírọ́. Fífẹ̀ pápá lé díẹ̀ ní yáàdì 53. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hash. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí bí eré tó kọjá bá parí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní NFL, hash méjèèjì súnmọ́ra, ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ààbọ̀ ló wà láàárín wọn. Ní high school, ńṣe ni wọ́n fi pín pápá sí mẹ́ta ọgbọọgba. Ìyẹn ni pé bí bọ́ọ̀lù bá wà lórí hash apá òsì, tí ọmọ sì fẹ́ jù ú fún ẹni tó sá lọ sétí pápá lápá ọ̀tún, nǹkan bí yáàdì 35 ló máa fi la pápá kọjá, ká má tíì ka èyí tó máa lọ síwájú. Bí ẹni yẹn bá ti wà ní yáàdì 12 níwájú, tí quarterback sì ti fà sẹ́yìn ní yáàdì 7, bọ́ọ̀lù náà á rin nǹkan bí 40 yáàdì lófuurufú. Ní NFL, irú bọ́ọ̀lù kan náà ò ju nǹkan bí 35 lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ ọdún 15 ló ń ju èyí tó jìn ju tàwọn tó ń fi eré náà jẹun.

Àmọ́ ẹ bi akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá mọṣẹ́ bóyá ó máa ń pe irú eré bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí apá rẹ̀ ò tíì gbó. Kò ní pè é. Á ní kó sáré jáde lọ sápá ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ọ̀nà lè kúrú, tàbí kó lo ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ ọn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bo apá pọ̀. Ọmọ tí ò mọ ohun tó ń wò níwájú rẹ̀ ni wọn ò rí ọgbọ́n dá sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní ọmọ méjì fẹ́ ju bọ́ọ̀lù yáàdì 40 yìí. Ti ọ̀kan ń sáré máìlì 55 ní wákàtí kan, ti èkejì 50. Ká yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, ti àkọ́kọ́ á dé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.5, ti èkejì ní nǹkan bí 1.65. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó bá wá dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tó ń rò ó bóyá kó jù ú tàbí kó má jù ú, ohun tó sọ nù lé ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí apá líle lè fún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ gbà á tó yíjú padà rárá. Bó bá fi máa yíjú, bọ́ọ̀lù ti dé.

Kì í ṣe ìmọ̀ ìwé ni mo ń sọ. Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é. Lọ́dún 2000, èèyàn 198 ni wọ́n ti mú nínú draft, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí New England Patriots tó dárúkọ Tom Brady. Lára àbùkù tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ sílẹ̀ ni pé apá rẹ̀ ò le tó. Super Bowl (àṣekágbá NFL) méje ló gbà kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 2007, JaMarcus Russell láti yunifásítì LSU lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú. Apá tí ọmọkùnrin yẹn ní ò wọ́pọ̀ láyé yìí. Lẹ́yìn sáà mẹ́ta ní Oakland Raiders, touchdown 18 (bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá alátakò, tó sì di àmì ayò) ló ti jù, ìgbà 23 sì làwọn alátakò ti já bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbà. Wọ́n jẹ́ kó máa lọ ní 2010, kò sì gbá bọ́ọ̀lù ní NFL mọ́. Ó ṣì máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, torí ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí wọ́n gbé gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ náà lé apá yẹn.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Peyton Manning. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i lọ́rùn, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní sáà 2011, iṣan tó ń gbé agbára lọ sí apá tó fi ń ju bọ́ọ̀lù sì ti bà jẹ́. Ó lọ sí Denver Broncos lẹ́yìn náà. Àwọn tó wò ó nígbà yẹn rí i pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbọ̀n lójú afẹ́fẹ́, kò sì rí bíi tàtijọ́ mọ́. Ní sáà 2013, ọkùnrin yìí ju touchdown 55, ó sì kó yáàdì 5,477, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí nínú sáà kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré, á dúró, á máa wo ibi táwọn alátakò tò sí, á máa nàka, á máa pariwo "Omaha! Omaha!", á sì yí eré padà níwájú wọn níbẹ̀. Ó ti mọ ibi tó máa ju bọ́ọ̀lù sí kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo tán. Ní 2015, Manning kan náà ju touchdown 9 péré, wọ́n sì já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà 17. Broncos gba Super Bowl 50 ní ìparí sáà yẹn, àmọ́ àwọn tó ń dá alátakò dúró fún wọn ló gbé wọn débẹ̀. Orí yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Apá ló ti lọ sílẹ̀ ju ibi tí orí lè bá a gbé dé. Èrò tèmi ni pé ìwọ̀n kan wà tí apá gbọ́dọ̀ dé. Bí kò bá dé ibẹ̀, kò sí àrà tí ọgbọ́n lè dá. Bó bá ti dé ibẹ̀, èyí tó kù jẹ́ èrè orí ọjà. Ọmọ ọdún 12 tàbí 13 tí ohùn rẹ̀ ò tíì yí padà, ta ló lè sọ ibi tí apá rẹ̀ máa dé? Kò tíì ga tán, kò tíì ní igẹ̀, kò tíì ní itan.

Wọ́n á ní, Josh Allen ńkọ́? Wọ́n á ní, Patrick Mahomes ńkọ́? Quarterback tí apá wọn le gan-an làwọn méjèèjì. Ó dáa. Allen ní apá tó le bí irin láti ọjọ́ tó ti dé Buffalo ní 2018, síbẹ̀ ìdá 52.8 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tó jù ló dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí lọ́dún yẹn. Ní 2020, ó ti di 69.2. Apá ọ̀hún náà ni. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni wọ́n bá a tún tò, ó sì mọ eré kà sí i. Ká má parọ́, wọ́n tún mú Stefon Diggs, ọ̀gá nínú gbígba bọ́ọ̀lù, wá fún un lọ́dún yẹn. Ní ti Mahomes, ó jókòó sẹ́yìn Alex Smith, quarterback tó ti wà ní Kansas City Chiefs ṣáájú rẹ̀, ní gbogbo sáà 2017, ìdíje kan ṣoṣo tó kẹ́yìn ni wọ́n tó fi í ṣe quarterback láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Apá wà lára rẹ̀ nígbà náà, àkísà ló jókòó kọ́.

Ní pápá tí a ti ń ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ Sátidé, ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró sétí ìlà, táá máa pariwo, "Jù ú jìnnà! Jù ú jìnnà!" Mo tẹjú mọ́ ọmọ náà. Kó lè jìn, ó fara sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì tó yẹ kó kọjú síbi tó ń jù ú sí ti yà bàrá, ìgúnpá rẹ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀ èjìká, imú bọ́ọ̀lù kọjú sókè, ó ń gbọ̀n lọ. Ó jìn lóòótọ́. Bàbá ọmọ yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i?" Mo ní, "Mo rí i, àbúrò. Ta ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ gbá a mú?" Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yáàdì 15 péré ló ní kó máa jù. Ó fi ọwọ́ tún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gbé, ó dì í nìbàdí mú, ó ní kí ìbàdí kọ́kọ́ yí, kí apá tó tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù náà ń yí létòlétò, ó sì ń ró pàá lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á. Ilẹ̀ ni agbára yẹn ti ń wá, látẹsẹ̀ gba ìbàdí dé èjìká. Ọmọ tó bá ń fi apá nìkan jù ú, ìgúnpá rẹ̀ ló ń jẹ gbogbo ìyà.

Ọ̀rọ̀ ìgúnpá yẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Egungun ọmọdé ò tíì dì tán níbẹ̀. Nínú baseball, ètò Pitch Smart ti fi òté lé e: ọmọ ọdún 11 sí 12 ò gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 85 lọ lójúmọ́ kan nídìí jíjù fún ẹni tó ń fi igi gbá a, á sì sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ní pápá tiwa, mi ò tíì rí ẹni tó ń kà á. Ọmọ á jù ú láàárọ̀ ní ìdánrawò, á jù ú lọ́sàn-án lọ́dọ̀ olùkọ́ tí bàbá ń sanwó fún, á tún jù ú nírọ̀lẹ́ fún fídíò. Àwọn míì tiẹ̀ ń ra bọ́ọ̀lù àgbà fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò ká a, nígbà tí bọ́ọ̀lù tó kéré wà lọ́jà fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ọwọ́ tí ò lè di bọ́ọ̀lù mú dáadáa á máa tì í ni, kò ní jù ú.

Ohun kan tún wà tó kan àwa ọmọ Yorùbá. Orúkọ wa kì í ṣe tuntun ní NFL: Oluokun, Ogunbowale, Adebawore. Foye Oluokun tiẹ̀ jáde ní Yale. Ṣùgbọ́n nídìí sísáré àti nídìí dídá alátakò dúró la ti sábà máa ń rí wọn. Bí àwa fúnra wa bá ń fi iṣan wọn ọmọ wa láti kékeré, báwo la ṣe fẹ́ bínú sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá wò ó, tó ní ara rẹ̀ le, kó lọ dúró níwájú?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ju bọ́ọ̀lù ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, ẹ dá mi lóhùn nísàlẹ̀: ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ yín ń ka iye ìgbà tó ń jù ú lọ́sẹ̀? Bí kò bá ń kà á, ṣé ẹ ti bi í rí?