"Wọn ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀": ṣé àbá ni dókítà ọpọlọ ń dá?

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, ó tiẹ̀ ti ẹnu nọ́ọ̀sì kan jáde lójú mi: "Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ya fọ́tò orí ẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ìbéèrè lásán ni wọ́n bi í tí wọ́n fi ní ó ní schizophrenia. Àyẹ̀wò wo nìyẹn? Àbá ni wọ́n ń dá."

Lóòótọ́, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi schizophrenia hàn, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Àmọ́ ta ló rí túúlu nínú ẹ̀jẹ̀ rí? Tí wárápá bá gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ ni dókítà ti kọ́kọ́ ń gbọ́rọ̀: ṣé ó gé ahọ́n jẹ, ṣé ó tọ̀ sára, ìṣẹ́jú mélòó ló fi gbọ̀n? Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àbá.

Nígbà tí orí àbúrò mi kan dàrú, èmi ni mo tẹ̀ lé e wọlé. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn. Dókítà ò fi mọ síbẹ̀. "Ṣé bí èrò inú ẹ ló ṣe rí, àbí etí lo fi ń gbọ́ ọ, bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí? Ìwọ ni wọ́n ń bá wí ni, àbí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ láàárín ara wọn?" Àbúrò mi gbójú sókè. "Àwọn méjì ni. Wọn kì í dá mi lóhùn." Oṣù méjì la ti jọ ń gbélé, mi ò bi í léèrè rí. Dókítà wá yíjú sí mi: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ń fa igbó, ṣé ó ti forí gbá rí?

Ẹ̀jẹ̀ tá a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn náà ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Kì í ṣe schizophrenia ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀, ohun mìíràn tó lè da orí rú ni, bí ibà àti rẹ́kórẹ́kó. Ọdún 1913 ni àwọn olùwádìí méjì, Noguchi àti Moore, rí kòkòrò rẹ́kórẹ́kó nínú ọpọlọ àwọn kan tí wọ́n ti kú sínú wèrè. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n ti yọ àwọn yẹn kúrò nìyẹn.

Ẹni tó bá ní gírámà òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, ṣé ó ti gbàgbé abísínwín ni? Obìnrin bímọ, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, orí yí. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà náà mọ̀ ọ́n dáadáa: ó ń ṣe bí ẹyọ kan sí méjì nínú 1,000 ìyá ọlọ́mọ tuntun.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ìlú mẹ́sàn-án, Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Aláìsàn 1,202, ìbéèrè kan náà, wọ́n sì túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Gbogbo ìlú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n ti rí schizophrenia. Àwọn tó ń há orúkọ náà káàkiri ju àwọn yòókù lọ ni Moscow àti Washington. (Ìbàdàn kọ́ o!)

Mi ò ní gbè sẹ́yìn wọn níbi gbogbo ṣá. Kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé àìsàn ọpọlọ wọn jáde lọ́dún 2013, wọ́n ní kí dókítà méjì yẹ aláìsàn kan náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí 1 bá jẹ́ pé ohùn wọn ṣọ̀kan pátápátá, tí 0 sì jẹ́ kòńgẹ́ lásán, ìpayà tó máa ń tẹ̀ lé jàǹbá gba 0.67, schizophrenia 0.46. Ìsoríkọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo gba 0.28 péré. Ibẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, àwọn fúnra wọn ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, mo yọjú wo fáìlì àbúrò mi. Dókítà ti kọ orúkọ àìsàn náà, àmọ́ ó fi àmì ìbéèrè ṣíwájú ẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ṣé kò dá yín lójú ni?" Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́fà ná, màá yọ àmì ìbéèrè yẹn, tàbí kí n pa orúkọ yẹn rẹ́."